Irin Tó Wà Nínú Èèkù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó tún ti wọ oko Ìyàwó. Ìlà àgbàdo mẹ́fà ni wọ́n hú kúrò nílẹ̀, bí ẹni fi ọkọ́ kọ ebè. Ọkọ rẹ̀, àbúrò mi, ti pé oṣù mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀, a ṣì ń pè é ní Ìyàwó.

Olórí ọdẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń gẹrun fún oníbàárà lọ́wọ́. Ó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn máa kó ajá lọ, pé àwọn kò pọ̀ tó, pé kí n wá. Mo ní mi ò ní ọ̀bẹ. Ó ní, “Báábà wo ni kò ní ọ̀bẹ?” Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Eléèéfín ni mo máa ń pè é nínú ìwé yìí — aṣọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀, títí dé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, èéfín ni. Ó tẹ́ ọ̀bẹ méje sórí àpò. Ọ̀kan wù mí: èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo, ó ń dán, ó fúyẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní èyí wà fún ẹni tó fẹ́ fi ọ̀bẹ yan fanda, ẹlẹ́dẹ̀ kò mọ oge.

Ó fi èyí tó burẹ́wà jù lé mi lọ́wọ́. Irin kan ṣoṣo ni, láti ṣóńṣó dé ìdí. Pákó méjì ló fi bo irin náà lọ́tùn-ún lósì, ìṣó mẹ́ta ló kàn án pọ̀. Èèyàn ń rí etí irin yípo gbogbo èèkù. Irin kékeré kan dábùú lọ́rùn rẹ̀, kí ọwọ́ tó ti kún fún ẹ̀jẹ̀ má baà yọ̀ lọ sójú ọ̀bẹ. Ojú ọ̀bẹ náà fi ìka mẹ́rin gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bó bá kúrú jù, kò ní dé ọkàn ẹran. Bó bá gùn jù, yóò há sáàárín egungun ìhà.

Mo bi í pé kí ló dé tí irin fi gbọ́dọ̀ dé ìdí èèkù. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. “Ibi tí ojú ò tó ni ọ̀bẹ ti ń kú.”

N kò lè jẹun nígbà tí mo délé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀bẹ wà lórí tábìlì. N kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo pọ́n ọn. Òkúta tó rí págunpàgun lákọ̀ọ́kọ́, kí èyí tó kúnná tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe bí abẹ ìfárí o — ojú tó bá tínrín jù máa kán lára egungun. Mo fi òróró pa á. N kò tì í bọ àkọ̀. Awọ máa ń mu omi, omi náà ni irin ń mu.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ tipẹ́. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni wọ́n kó ọ̀bẹ ilé lé lọ́wọ́, nítorí pé iṣẹ́ abẹ ni mò ń ṣe. Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé, ìyẹn àbúrò mi, kì í pọ́n ohunkóhun fúnra rẹ̀. Á ní, “Bọ̀ọ̀dá ló ni ojú ọ̀bẹ, èmi ni mo ni ọwọ́.”

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi, Ìyá mi àti Ìyàwó ń yin àgbàdo tí ẹlẹ́dẹ̀ ṣẹ́kù. Ìyàwó tún sọ ọ́. Pé àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ òun lọ sígbó yẹn, àwọn jà nítorí òrùlé tó ń jò. Pé òun sọ fún un pé kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. Pé kò jẹun kó tó jáde, ebi ló sì sọ ọwọ́ rẹ̀ di aláìlágbára níwájú ẹran. “Ẹnu mi ló pa á.” Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó wà lára ògiri.

Ìyá ní kó yé sọ bẹ́ẹ̀, pé ọlọ́jọ́ ló dé. Èmi ń yin àgbàdo.

Ìgbà kẹrin rèé lójú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Kí n kọ ọ́ síbí, bóyá ẹnu mi á tibẹ̀ là.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àbúrò mi kú ló mú ọ̀bẹ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. “Bọ̀ọ̀dá, èèkù yìí ń mì.” Oníbàárà mẹ́rin ló jókòó dè mí. Mo ní kó fi sílẹ̀, mo máa tú u wò lọ́jọ́ mìíràn. Ó ní àwọn ti fẹ́ lọ sígbó. Mo fa rọ́bà kan yọ, mo fi de èèkù náà pinpin. Mo wá pọ́n ojú rẹ̀, ó mú débi pé ó ń gé irun apá mi. Mo ní ó ti dáa. Ó gbà mí gbọ́. Ta ni kò ní gbà mí gbọ́?

Nínú igbó, ajá di ẹlẹ́dẹ̀ mú létí méjèèjì. Àbúrò mi gba ẹ̀yìn yọ sí i, ó gún un lábẹ́ apá, ibi tó yẹ gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ kò wárìrì. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Èèkù nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Irin wà lára ẹran. Ẹran yí padà, eyín rẹ̀ ya itan àbúrò mi. Orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi títí ó fi dákẹ́. A ò rí i gbé dé títì.

Ẹran náà ṣubú níwájú díẹ̀. Èmi ni mo fa irin yọ, kí àwọn yòókù tó dé. Apá tó wọ inú èèkù ti dógùn-ún tán, kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọdún mélòó ni mo fi ń fọ ojú ọ̀bẹ yẹn, tí n kò tú èèkù rẹ̀ wò rí? Mo jù ú sódò. Mo sọ fún wọn pé ó sọnù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀la ni. Mo tún nu ọ̀bẹ náà. Kò sídìí kankan tí mo fi nù ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ajá ká akọ ńlá kan mọ́ inú kòtò odò. Olórí ọdẹ wò mí. Mo gba ẹ̀yìn yọ sí i. Ọ̀bẹ wọlé, ọwọ́ mi kò yọ̀, mo fà á jáde, ẹran náà kúnlẹ̀, ó parí. Kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bó ṣe rọrùn tó ló pa mí lára. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo sunkún. Wọ́n ń gbá mi léjìká, wọ́n ní àbúrò mi á ti rí i pé mo gbẹ̀san. Mo jẹ́ kí wọ́n máa gbá mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti sọ fún Ìyàwó.

Ó ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Mo sọ ti rọ́bà, mo sọ ti irin, mo sọ ti odò. Mo ní ọwọ́ ọkọ rẹ̀ le dáadáa lọ́jọ́ náà, ebi kọ́, ẹnu rẹ̀ kọ́. Kò dáwọ́ dúró. Ó sá aṣọ kan, ó tún mú òmíràn. Nígbà tó yá, ó bi mí pé ìgbà mélòó lòun sọ ọ́ lójú mi. Mo ní mẹ́rin.

“Ẹ sì ń yin àgbàdo.”

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, rọ́bà kọ́. Èèyàn lè gbàgbé, iṣẹ́ lè pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì dárí jì yín. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ fi ń wò mí.” Ó gbé abọ́ aṣọ, ó wọlé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìyá ti gbọ́. Ó gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, kò dúró kí n dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ìyàwó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Mo dìde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìyá wá sí yàrá mi, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní Ìyàwó sùn lánàá. Ó kàn ní kóun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ló bá sùn lọ fọnfọn, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gun orí rẹ̀, kò mọ̀. Ìyá ní òun lọ gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé láti ìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ̀, òun kò rí i kó sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Mo bi í pé nígbà tó jí, ṣé ó bèèrè mi.

Ìyá ní rárá. Ó ní kí n jẹ́ kó sùn.