Ọ̀gá Tó Gbé Ẹ́ńjìnì Dísẹ́lì Sínú Jíìpù Màmá Ìtàjí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kí yín yìí, lórí páálí tí mo máa ń tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ bá mi gba ìkúnlẹ̀ náà pẹ̀lú ọ́ìlì ara rẹ̀. Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Bọ́lá, àbúrò mi, ìwọ ni wọ́n máa ní kó o kà á sí wọn létí nítorí ojú wọn. Jọ̀ọ́, má fo ìlà kankan, pàápàá níbi tó bá ti kàn wọ́n gan-an.

Àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló ní kí àwa tá a wà lájò kọ lẹ́tà sílé, kí gbogbo èèyàn lè rí i kà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin, ìta gbangba lẹ ti sọ ọ́, ìta gbangba náà ni mo ti fẹ́ dáhùn. Gáréèjì Ṣakí ni, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, mo wá kí yín nílé, mo sì sọ fún yín pé mò ń padà síbẹ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Lójú gbogbo dẹ́rẹ́bà tó mọ̀ yín láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń wa àjàgbé lọ sókè Ọya, ẹ ní kí n máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ mi, àmọ́ kí n mọ̀ pé láyé yín, ẹ ò ní jókòó sínú ọkọ̀ tí obìnrin bá tú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá sunkún láti Ṣakí títí a fi wọ Ọ̀yọ́.

Ta ló tiẹ̀ kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀hún? Ẹ̀yin ni! Ta ló ń na sípánà sí yín lábẹ́ àjàgbé láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje? Ẹ ó kàn na ọwọ́ jáde, ẹ ó pe nọ́ńbà, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún, ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn. Mo mọ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe wúwo tó lọ́wọ́. Ẹ rò pé sípánà nìkan ni mò ń gbé. Etí mi náà ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ẹ́ńjìnì sọ ni mo gbọ́.

Ara mi le níbí o, mo dúpẹ́. Òjò Èkìtì kò jọ tiwa. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà, ó lè má jẹ́ kí aṣọ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹrẹ̀ pupa á sì máa bá èèyàn wọlé. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n ń fún mi ní iyán títí tó fi ń sú mi. Lákọ̀ọ́kọ́, èdè wọn dà mí lójú rú. Ibi tí àwa ti ń pe ilé, ulé ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ sì ń di uṣẹ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí mi ò gbọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ìdánìkanwà máa ń ṣe mí jù. Tá a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí oníkálukú bá gba ilé ẹbí rẹ̀ lọ, èmi nìkan á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, màá máa gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè bọ̀ láti apá Ọ̀yẹ́, màá sì máa dárúkọ ẹ́ńjìnì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí èmi àti ẹ̀yin ṣe máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó máa sọ bóyá mo gbà á tàbí mo ṣì í. Ibẹ̀ yẹn ni àárò yín máa ń sọ mí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ n sọ ti Màmá Ìtàjí fún yín. Opó ni wọ́n, iṣu àti epo pupa ni wọ́n ń kó láti oko apá Òkè-Àkó wá tà. Ọkọ wọn tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé fi jíìpù àtijọ́ kan sílẹ̀ fún wọn, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ti ara wọn jáde nínú ẹrẹ̀. Bẹntiróòlù ló ń lò. Nígbà tí epo wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, Màmá gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ń yé ẹyin sórí síìtì. Ọ̀kadà ni wọ́n wá ń lò, iṣu mélòó ni ọ̀kadà fẹ́ gbé? Èyí tó kù ń jẹrà létí oko. Àwọn ọmọ wọn ní Èkó ní kí wọ́n ta jíìpù náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Màmá wá bá mi, wọ́n ní ṣé mo lè yọ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kúrò, kí n fi ti dísẹ́lì síbẹ̀, èyí tí kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀. Tí jíìpù náà ò bá tíì rìn nígbà tí iṣu tuntun bá dé, wọ́n á gbà kí wọ́n tà á.

Mo ní mo lè ṣe é. Bàbá, mi ò tíì ṣe irú ẹ̀ rí! Ẹnu mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà ní òdìkejì ọ̀nà sí mi. Ó pe Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Adó, pé obìnrin yìí á sọ ohun tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ di àwókù. Màmá dá a lóhùn pé láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, àwọn làwọn ń ṣe uṣẹ́ oko rẹ̀, iṣu kankan ò tíì béèrè ẹni tó kọ ebè. Háà, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn!

Ìbàdàn ni mo ti ra ẹ́ńjìnì náà, tòkunbọ̀ tó mọ́. Ẹ mọ bí àwọn tó ń tà á ṣe ń ṣe: wọ́n ti tú ọ́tánétọ̀ tó ń fún bátìrì níná kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Mo wò ó, mo ní ti bẹntiróòlù àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ ra òmíràn fún? Mo gbé ẹ́ńjìnì mi, mo bọ́ sọ́nà. Ẹ fi iyẹn sọ́kàn.

Wẹ́dà gé ibi tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ jókòó lé, a jó tuntun síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gùn régé. Ọjọ́ tá a máa ṣíná sí i, gbogbo òpópónà dúró wò wá. Ó ń yí, kò gbiná. Ọ̀gá òdìkejì ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo dijú, mo gbọ́ ohùn yín lábẹ́ àjàgbé, pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù, kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó mí. Mo na ọwọ́ sí mẹ́tàdínlógún, mi ò wo ilẹ̀. Mo dẹ páìpù kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọ ẹ́ńjìnì, mo ní kí wọ́n máa yí i, ó ń hó ìfófòó jáde títí ó fi di epo gidi, mo sì dè é le padà. Ó gbiná! Èéfín dúdú kan jáde, ó wá mọ́, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. Mo fò sókè, mo di mọ́ wẹ́dà tó kún fún èédú.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀ bá sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Èmi àti Màmá gbé e jáde lọ dán an wò. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ojú ọ̀nà oko, mo tẹ búréèkì, ó le gbagidi bí ẹni tẹ òkúta. Yéè! Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde dúró lé e lórí, jíìpù ń lọ. Inú oko ẹ̀gẹ́ olóko la dúró sí, ebè mẹ́ta ló gbà á. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe, a sì tún ebè olóko ṣe fún un. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n ní ó kúkú ti ń rìn báyìí, ó ku kó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Àmọ́ ojú tì mí, Bàbá. Gbogbo ìlú ti gbọ́ kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Iṣu tuntun ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń ra irin àlòkù sì ti wá wo jíìpù náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí ìdí búréèkì náà. Ìgbà náà ni mo pè yín lórí fóònù, mo sì purọ́ fún yín. Mo ní ọ̀gá kan wà níbí tó gbé ẹ́ńjìnì dísẹ́lì sínú ọkọ̀ bẹntiróòlù, tí búréèkì rẹ̀ wá le. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú yín. Ẹ ní ọ́tánétọ̀ àtijọ́ ló dá padà síbẹ̀, àbí? Ẹ ní ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ló máa ń fa afẹ́fẹ́ tó ń bá ẹsẹ̀ ti búréèkì, dísẹ́lì kì í fà á, pọ́ńpù kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀ tirẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Ẹ ní kí n sọ fún ọ̀gá náà pé ahun ni. Ẹ wá béèrè bóyá abẹ́ rẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo jẹ́ iṣẹ́ yín fún ọ̀gá náà. Ó gbà pé ahun lòun. Ó padà sí Ìbàdàn lọ ra ọ́tánétọ̀ tó ní pọ́ńpù lẹ́yìn.

Búréèkì wá rọ̀, ó mú! Iṣu tuntun dé, òjò ń rọ̀ gidi, èmi fúnra mi ni mo wa jíìpù náà lọ sí ọ̀nà Òkè-Àkó, iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òrùlé. Ta la bá nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀? Ọ̀gá òdìkejì ọ̀nà, nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀! Mo so okùn, mo fà á jáde pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn. Mo kàn fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ mú oníbàárà kan láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wá bá mi, ẹni tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Irú ẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Ẹ̀yin náà wá dé ní Oṣù Kẹwàá láti wá tọ́jú ojú ní ọsibítù Ìdó. Màmá Ìtàjí ní kí dẹ́rẹ́bà àwọn lọ gbé yín ní Adó, mo tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́yìn. Ẹ jókòó níwájú, ẹ gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ́tí. Ẹ ní ẹni tó gbé ẹ́ńjìnì yìí síbí mọ iṣẹ́. Ẹ ní ṣé ọ̀gá mi tí mo bi yín léèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, ẹ fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní ó rìnrìn àjò. Kí a tó dé Ìfàkì, ẹ ti sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í sùn nínú ọkọ̀ tí ohùn rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn! Ẹ ń hanrun títí dé Ìkọ̀lé. Mo ń sunkún lẹ́yìn yín, ẹ ò mọ̀.

Bọ́lá ti sọ fún mi lórí fóònù pé látìgbà tẹ́ ẹ ti padà sílé, ọ̀rọ̀ ọ̀gá Ìkọ̀lé lẹ ń bá gbogbo ẹni tó bá wá kí yín sọ. Pé tó bá gba Ṣakí kọjá, ẹ ó gbé àpótí sípánà yín lé e lọ́wọ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò kúkú ní lò ó ní báńkì. Pé kí n máa tẹrí ba fún un, kí n kọ́ṣẹ́ náà dáadáa.

Mo ti gbọ́, Bàbá. Mò ń tẹrí ba.

Ọlọ́run á dá ojú yín padà fún yín, ẹ ó fi rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Màmá, kò ní rẹ̀ yín lẹ́nu ìtọ́jú Bàbá. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé, ẹ kí àwọn dẹ́rẹ́bà gáréèjì tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kérésì ni mò ń bọ̀. Màmá Ìtàjí ti yá mi ní jíìpù náà, iṣu yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí Bọ́lá bá mi nu àpótí sípánà yẹn, kó fi ọ́ìlì pa ìdè rẹ̀, kí mẹ́tàdínlógún wà lókè.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àṣàkẹ́, ọ̀gá náà.