Ibi Tí Wọ́n Ti Kọ̀ Láti Ṣe Aláìnmẹ́ńtì fún Bọ̀dá Bùsàrí

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Láwànì Kékeré,
Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Dárasími, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú ìwé kíkà. Ṣé ara rẹ le? Mọ́mì rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n nígbà tí ẹ kó kúrò ní àdúgbò wa ti jẹ́ kí wọ́n gbádùn? Ìbídùn ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń sunkún bí ẹni tí wọ́n yọ ẹran lẹ́nu rẹ̀? Ṣé oúnjẹ ilé ìwé yín ti ṣe é jẹ? Tí o bá bi wá léèrè, a wà. N kò ní sọ pé a wà dáadáa, torí irọ́ tí mo máa ń pa fún ọ, ti ẹ̀fẹ̀ ni, èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní Bọ̀dá Sámúẹ́lì, àbúrò Mọ́mì rẹ, ti ra ọkọ̀ eré tí wọ́n ṣe ní Jámánì, pé ọkọ̀ náà ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé kí n bá wọn wádìí ibi tí wọ́n ti ń ṣe aláìnmẹ́ńtì tó dáa, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń to táyà kó lè tọ́, ní Èkó, torí àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti sú wọn. O tún ní kí n má fi ṣeré. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fi ṣeré. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn, àmọ́ kò ní yé ọ àfi tí mo bá sọ ohun tí ojú wa rí lórí ọkọ̀ Bọ̀dá Bùsàrí. Má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé o. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú lọ́dún tó kọjá tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ọwọ́ mi ti le.

Ọwọ́ ọkùnrin kan ní Ìkòyí tó ń kó lọ sí òkè òkun ni ẹ̀gbọ́n mi ti ra ọkọ̀ náà. Dúdú ni, onílẹ̀kùn méjì, ó sì wolẹ̀ débi pé tí adìyẹ bá sùn sójú títì, yóò fi ikùn gbá a. Ọkùnrin yẹn ló gé sípíríǹgì rẹ̀ kúrú kó lè máa dì mọ́ ilẹ̀ tó bá ń sáré. Tí Bọ̀dá bá ṣíná fún un, ìkòkò inú ilé ìdáná á máa gbọ̀n. Dárasími, lẹ́yìn ikú Bàbá, ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo rí tó pa Bọ̀dá Bùsàrí lẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè kórìíra rẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n ó ń fà sí òsì. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú lórí afárá, á fẹ́ máa lọ bá omi. A kọ́kọ́ lọ sí abẹ́ afárá ní Apọ́ngbọ̀n. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ta okùn láti táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú, ó di ojú kan, ó fi òòlù gbá nǹkan lábẹ́, ó ní, “Ọ̀gá mi, ó ti tọ́ bíi ìlà sáfù ìrun Jímọ̀.” A ò tíì dé Ìdúmọ̀tà tí sáfù fi dàrú.

Ni wọ́n bá júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún wa tó ní kọ̀ǹpútà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ máa ń gba imú sọ̀rọ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ bíi ẹ̀wà tó ti jinná jù. Ká ní o wà níbí ni, ǹ bá ṣe é fún ọ, wàá yí nílẹ̀. Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Bọ̀dáà mí, ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀ ti di gíríìnì! Gíríìnì níwájú, gíríìnì lẹ́yìn!” Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó sì ga fíofío. Mo ní, “Ọ̀gá, kì í ṣe ọkọ̀ wa lẹ yà síbẹ̀ yìí o.” Ó kọjú sí mi, ó ní, “Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni, ìwọ ọmọ kékeré yìí?” Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ń fà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni a dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Adéwálé ní Ìkòyí. Ará Ìjẹ̀ṣà ni, kì í rẹ́rìn-ín, á wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀ kan, á tún wúkọ́ tó bá sọ ọ́ tán. Òun náà ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó di táyà òsì mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Ó ń dún kò-kò-kò. Ó ní, “Ẹ gbọ́? Irin tó di táyà yìí mú ti jẹ. Tí mo bá to táyà lórí irin tó ń mì, ẹ̀tàn ni mo ń ṣe fún yín. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Bọ̀dá ní kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé Ìyá wa lọ sí Ìbàdàn lọ tọrọ Taslimah, àfẹ́sọ́nà wọn, lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi tò ó bó ṣe wà. Ṣé inú bọ́ọ̀sì ni kí n gbé ìyá mi sí lọ tọrọ ìyàwó?”

Ọ̀gá Adéwálé wúkọ́. Ó ní, “Tí wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á dé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bọ̀dá. Wọ́n ní ọkùnrin náà ń ṣépè fún ìyá àwọn. Ìbínú yẹn ni wọ́n fi wakọ̀ padà sọ́dọ̀ onígíríìnì.

Dárasími, mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ojú mi ló ṣe. Onígíríìnì ò fọwọ́ kan nǹkan kan lábẹ́. Ó tú nọ́ọ̀tì àárín sítíárìn, ó fa sítíárìn yọ, ó yí i kó lè máa kọjú síwájú, ó dì í padà. Ó wá fọn afẹ́fẹ́ kún táyà òsì títí ó fi le bí òkúta, kó má bàa fà mọ́. Àfi bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ wọ́, tí wọ́n wá yí fìlà rẹ̀ kó lè jọ pé ó tọ́. Bọ̀dá wà á kúrò níbẹ̀, kò fà. Wọ́n ń kọrin dé ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo ń fọ ọkọ̀ náà. Mo ki ọwọ́ sí ẹ̀yìn táyà òsì, níbi tí ojú kì í dé, nǹkan kan sì gún mi níka. Wáyà ni. Iwájú táyà dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti jẹ débi pé wáyà ti yọ síta bí irun àgbọ̀n. Mo mì í bí Ọ̀gá Adéwálé ṣe mì ín. Kò-kò-kò.

Mo sáré lọ sọ fún Bọ̀dá. Ṣé o rántí ohun tí mo ṣe nígbà Àwẹ̀, tí mo gun òrùlé, tí mo fi ohùn ládàánì pe ìrun Mọ̀gáríbì kí oòrùn tó wọ̀, tí gbogbo agboolé sì ti gbé omi mu kí wọ́n tó mọ̀? Bọ̀dá wà lára wọn. Wọ́n wo ìka mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n ní, “Ládàánì, ìrun wo lo tún fẹ́ pè? Lọ nu tòmátì yẹn kúrò.” Taslimah, tó ti dé sílé wa kó lè bá wọn lọ, rẹ́rìn-ín títí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ní aṣọ funfun làwọn wọ̀. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, wọ́n yọ èkejì jáde, wọ́n fi ìfọ́tí kan tì í lẹ́yìn. Mo rò ó pé kí n gún táyà náà, ṣùgbọ́n táyà mìíràn ni wọ́n máa fi sí i, irin tó ń mì á ṣì wà níbẹ̀. Ìyá wa ní kí n fi ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn sílẹ̀, pé mo ti ń jowú. Èèyàn mẹ́ta ló máa wọ ọkọ̀ yẹn bọ́ sí ojú títì Ìbàdàn. Gbogbo ẹni tí mo ní láyé, àti ẹni tó fẹ́ di ìyàwó wa.

O mọ̀ pé kò sí ẹni ládùúgbò tí n kì í sín ohùn rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Bàbá, n kò fẹnu kan tiwọn. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, lẹ́yìn ìrun Súbùhì, kò síná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Bọ̀dá ń bọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo gbé ohùn náà sísàlẹ̀ ọ̀fun, bí ẹni tí obì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo fa orúkọ náà gùn bí Bàbá ṣe máa ń fà á.

“Bùsààrí! Má gbé ọkọ̀ yẹn jáde. Ṣé o ń gbọ́?”

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀. Bọ̀dá mi, ọkùnrin tí kò sunkún nígbà ìsìnkú, dojú bolẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Wọ́n ń sọ pé, “Mo gbọ́, Bàbá. Mo gbọ́, Bàbá.”

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni Ìyá wa. Wọ́n wà ní yàrá, wọ́n ń ja tẹ̀súbáà. Ohùn wọn jáde wá, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn nígbà tí Bàbá bá ti ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta tapólì ní Apọ́ngbọ̀n dé: “Alhaji? Ẹ ti dé?”

Wọ́n jáde síta, wọ́n rí mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n wò mí, wọ́n padà sínú. Bọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn wọ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì fi Taslimah fún wa. Nígbà tí wọ́n dé, Ìyá pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Mùs'áb, má fi ẹnu bàbá rẹ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti sin wọ́n lẹ́ẹ̀kan.”

Bọ̀dá gbé ọkọ̀ padà lọ sí Ìkòyí fúnra wọn. Nígbà tí Ọ̀gá Adéwálé tú táyà náà, irin tí a ń wí yìí já bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò ní, “Ṣebí mo ti wí.” Ó kàn fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Bọ̀dá. Ó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ra táyà tuntun, ó wá to táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ náà wá ń lọ bí omi inú páìpù.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Kò parí. Bọ̀dá sọ fún gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó pé Bàbá wá gba àwọn là. Wọ́n ṣe sàárà, wọ́n pín àkàrà, èmi náà jẹ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ yẹn sáré bí ẹni tí kò bìkítà fún ẹ̀mí rẹ̀. Tí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Bàbá ń ṣọ́ mi. Tí ewu bá wà, wọ́n á pè mí.” Taslimah sọ̀ kalẹ̀ ní Adéníjí lọ́jọ́ kan, ó mú bàtà lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ rìn délé wa. Ó ní òun ò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ láéláé. Mo bẹ Ìyá pé kí n sọ òtítọ́. Wọ́n ní, “Jẹ́ kó ní bàbá rẹ̀.” Ṣùgbọ́n kòtò ojú títì ò mọ Alhaji, Dárasími. Ẹni tó ń retí kí òkú pe òun, tí òkú ò sì ní pè é, ta ló máa pè é?

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bọ̀dá ti ṣíná. Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀, nínú oòrùn, níṣojú àwọn tó ń ti mọ́sálásí bọ̀. Mo la ẹnu. “Bùsààrí! Pa ọkọ̀ yẹn. Ṣé o ń gbọ́?”

Wọ́n pa á. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ń retí ìfọ́tí. Wọ́n ní, “Tún un pè.”

Mo tún un pè. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wá ibi tí ilé ti ń jò. Wọ́n ní, “Ìwọ ni.” Mo ní, “Èmi ni, Bọ̀dá mi. Ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ yín, àfi àwa.” Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

Nítorí náà, sọ fún Bọ̀dá Sámúẹ́lì pé tí wọ́n bá dé Èkó, kí wọ́n má lọ bá ẹni tó máa ní “ó ti tán” kíákíá. Kí wọ́n wá ẹni tó máa gbé ọkọ̀ sókè, tó máa mi táyà kó tó tan kọ̀ǹpútà. Tó bá kọ̀ láti ṣe é lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n má bínú, kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un. Èmi á mú wọn dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Adéwálé fúnra mi.

Bá mi kí Mọ́mì, bá mi fa etí Ìbídùn, kí gbogbo àwọn tó bá béèrè mi. Ìyá wa ní kí n kí ọ. Kọ̀wé sí mi kíákíá, jọ̀ọ́, torí ilé wa dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò mi bí mo ṣe ń kọ èyí, èmi tí n kò mọ ọkọ̀ wà. Bọ̀dá ò tíì béèrè rẹ̀. Wọ́n wà láàyè. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kọjá níwájú yàrá mi, wọn ò dárúkọ mi.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́,

Mùs'áb.