Ọmọ Tí Mo So Mọ́ Irin Fèrèsé

Iye, ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, tí ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, ẹ ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n mu omi, kí n béèrè àlàáfíà ará ilé. Lónìí, mi ò mọ bí a ti ń béèrè àlàáfíà ẹni tó ti lọ. Ṣé ibi tí ẹ wà gbẹ? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ dáadáa?

Mo ti bímọ, Iye. Iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì yín kò tíì le tán nígbà tí mo bí i. Obìnrin ni. Àwọn ará ilé ọkọ mi kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, Yétúndé ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti rí i. Gbogbo wọn ń yọ̀, èmi sì ń wo ojú ọmọ títí, mò ń wá yín nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ ọ̀tún ká díẹ̀ lókè bíi tiyín. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà a rú mi lójú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ padà wá lóòótọ́, ta ni mò ń kọ lẹ́tà sí? Àmọ́ mi ò lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún un, nítorí òun gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí.

Kò sí ẹni tó bá mi wẹ ọmọ. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ wá, kí ẹ di ẹrù yín láti Araròmí, kí ẹ jókòó tì mí, kí ẹ máa bá mi jà pé omi tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ ti tutù jù. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá ọkọ mi ní Màhíntẹ̀dó, kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Bàbá Yétúndé náà ò sí nílé lójúmọmọ, òun ló ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì láti èbúté Igbókòdá. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ yọ ní ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ọgbà yunifásítì, tí wọ́n sì ní mo lè máa gbé ọmọ tèmi wá, inú mi dùn.

Ọmọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ la ń tọ́jú níbẹ̀. Àwọn ìyá wọn á gbé wọn wá kí wọ́n tó lọ sí kíláàsì, wọ́n á sáré wá fún wọn lọ́mú lọ́sàn-án, wọ́n á sì wá gbé wọn tí iṣẹ́ bá parí. Àwa méjì la wà níbẹ̀, èmi àti Màmá Sàlámọ́, obìnrin Mùsùlùmí kan tí ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ọkùnrin, tí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó ń ké á dákẹ́ kó tó gbé e dé àyà. Ilé ilẹ̀ ni wọ́n fún wa, lẹ́bàá odò, nísàlẹ̀ ibi tí ilé ìkàwé alájà wà. Wọ́n ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára fún ọmọdé. Ó dára lóòótọ́. Ìta ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí, wọ́n sì fi irin dí ojú fèrèsé nítorí olè.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń rìn káàkiri ẹní wa, tí ẹ ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ kò ní kúrò títí èémí wa yóò fi gbé ọwọ́ yín sókè? Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Màmá Sàlámọ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò ní sá lọ o!" Mò ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Ọmọ tẹni, bó bá ṣubú, a ó gbé e, a ó bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ojú wo lèèyàn fẹ́ fi wo ìyá rẹ̀?

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ sì ń ti ọ̀nà òkun bọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán ni ara ọmọ kan gbóná, Màmá Sàlámọ́ sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì ọgbà. Ó wá ku èmi àti ọmọ mẹ́rin. Ìbejì olùkọ́ kan wà níbẹ̀, wọn ò tíì lè jókòó. Ọmọ tuntun Dèbórà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni Dèbórà, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló wà lásìkò náà. Yétúndé sì wà níbẹ̀, òun ti ń di nǹkan mú dìde.

Omi yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ rò pé omi òjò ni, mo mú àkísà láti nù ún. Ó tún ń wá. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Iye, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ bí inú mi ti rí fún. Òkun ló ti odò padà sẹ́yìn, tí odò wá ń wọlé bá wa. Mo gbé fóònù, kò lọ. Mo kígbe lójú fèrèsé, òjò gba ohùn mi. Kí n tó yí padà, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, àwọn bàtà kékeré tí a tò sẹ́nu ọ̀nà ti ń léfòó.

Mi ò lè gbé ọmọ mẹ́rin. Mo fi ọ̀já pọn Táyé, mo fi ìró mi so Kẹ́hìndé mọ́ àyà, mo gbé ọmọ Dèbórà sọ́wọ́. Yétúndé ló kù. Òun ló dàgbà jù, òun ló lè jókòó. Mo gbé e sórí tábìlì gíga tí a ń to aṣọ ìdí sí, lẹ́bàá fèrèsé. Àmọ́ kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rá bọ̀ létí tábìlì láti tẹ̀lé mi. Mo já gèlè orí mi, mo fi so ó nídìí mọ́ irin fèrèsé kó má baà já sínú omi. Mo ní, "Jókòó síbẹ̀, mò ń bọ̀."

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ni. Ọjọ́ tí òkun gbé ilé wa lọ ní Araròmí, ẹ gbé àbúrò mi, ẹ sì fi mí sílẹ̀ lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ ní, "Jókòó síbẹ̀, mò ń bọ̀." Mo jókòó. Ẹ padà wá lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà títí ẹ fi kú, a kò sọ ọ́ mọ́. Kí ló wà nínú yín nígbà tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi? Ṣé ẹ bojú wẹ̀yìn? Èmi bojú wẹ̀yìn, Iye. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Mo la omi kọjá dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ìkàwé. Omi ti dé itan mi, ọmọ Dèbórà sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mi ò gbé nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin sáré sọ̀kalẹ̀ wá gba àwọn ọmọ lára mi. Ọ̀kan nínú wọn ń tú ìró láyà mi nígbà tí èrò náà kọlù mí. Mo ti so ọmọ mi mọ́lẹ̀. Bí omi bá dé orí tábìlì, ọmọ tí a kò so á léfòó, á di nǹkan mú. Tèmi kò ní lè kúrò lójú kan.

Mi ò mọ bí mo ṣe padà. Mo mọ̀ pé mo ń gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì ń fi igbe náà ṣe ọ̀nà. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo fà á, omi ti tì í pa. Mo tún fà á. Ìgbà náà ni igbe dákẹ́.

Mo yí lọ sójú fèrèsé. Omi ti bo orí tábìlì. Yétúndé dúró nínú omi náà, ó di irin mú, ẹnu rẹ̀ là gbayawu, kò sí ohùn kankan tó ń jáde. Ó ti ké títí ohùn fi tán. Mo ki ọwọ́ bọ àárín irin, mo gbá a mú. Mo wá kókó gèlè, ó ti mumi, ó ti le bí òkúta. Ìka mi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo gbé ẹnu sí i, eyín mi ò dé e nítorí irin. Mo ń pè yín, Iye. Mi ò pe Ọlọ́run lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yin ni mo pè. Ṣé ẹ gbọ́?

Màmá Sàlámọ́ ló dé. Mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ omi bọ̀, ìbòrí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ó mú àjẹ̀ ọkọ̀ dání. Mo fẹ́ sáré lọ bá a níbi ilẹ̀kùn. Ó pariwo mọ́ mi, "Má kúrò níbẹ̀! Jẹ́ kó máa rí ojú ẹ! Bá a sọ̀rọ̀!"

Mo ń dárúkọ rẹ̀ ṣáá. Yétúndé, Yétúndé. Mo ń gbọ́ tí àjẹ̀ ń ha ilẹ̀kùn, tí Màmá Sàlámọ́ ń mí hẹlẹ, tí nǹkan kan fọ́, tí omi ya wọlé dé igbáàyà ọmọ. Mo wá rí ọwọ́ ńlá náà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé. Màmá Sàlámọ́ kò tú kókó náà. Ó fi eyín gé e.

Ọmọ kò kú, Iye. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lókè. Ẹ máa ń bá mi wí pé mo máa ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba ènìyàn. Ó wú ikọ́, ohùn rẹ̀ ha fún ìgbà pípẹ́, dókítà ní omi kò wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ara gbogbo àwọn ọmọ tó kù le. Omi fà kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fi ẹrẹ̀ àti ewé sílẹ̀ lórí ẹní tí wọ́n ń sùn.

Ọkọ mi kò pariwo. Ó gbọ́ ọ láti ẹnu mi títí dé òpin, ó wá béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: "O gbé ọmọ àwọn ẹlòmíràn, o so tèmi mọ́ irin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé Yétúndé lọ bá ìyá rẹ̀ ní Màhíntẹ̀dó, mi ò lè dá a lẹ́kun. Ọmú ń kún mi láyà, ó ń ro mí, kò sí ẹni tí yóò mu ún. Nígbà tó gbé e padà wá, kò tọrọ àforíjì, èmi náà kò sì tọrọ. Ó ní ìyá òun sọ pé ta ni ìbá ti fi ọmọ ìkókó sílẹ̀ kó gbé èyí tó lè dúró. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó jáde lọ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. A ti ń bára wa jẹun báyìí. Nígbà mìíràn ó máa ń wo ọwọ́ mi nígbà tí mo bá ń de nǹkan, á sì yí ojú kúrò.

Yétúndé kò jẹ́ kí n pọn òun mọ́. Bí ọ̀já bá ti kàn án lára, á gan, á ké bí ẹni tí iná jó. Apá ni mo fi ń gbé e lọ síbi gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọmọ tó pọ̀, ṣé ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ máa ń gbàgbé? Ṣé èmi gbàgbé?

Wọ́n ti gbé wa lọ sí òkè, sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Ìyá ìbejì gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ tí a ṣí i, ó gbé wọn fún Màmá Sàlámọ́, kò wo ojú mi, ó kàn fọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ. Dèbórà ní tirẹ̀ kò wá. Wọ́n ní ó ti kó ẹrù lọ sílé, pé ó ti fi ìwé sílẹ̀. Mo rò ó títí. Mo rò pé èmi ni mo lé e kúrò níléèwé, pé ìyá kan tó ti rí omi lára ọmọ rẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀ mọ́ láéláé.

Àná ló dé. Mo ń ká aṣọ ìdí nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti rù, ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ọmọ ti sanra, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Màmá Sàlámọ́ na ọwọ́ láti gbà á. Dèbórà fà sẹ́yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wá bá mi.

Ó yíjú sí Màmá Sàlámọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mo fẹ́ parí ìwé mi. Àmọ́ bí kì í bá ṣe ọwọ́ wọn, mi ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni."

Yétúndé wà lápá mi òsì. Mo na ọ̀tún, mo gbà á. Mo ní kó lọ, kó má pẹ́ dé kíláàsì.

Iye, ẹ̀rù omi kò tó ẹ̀rù tó bà mí nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lọ tí kò bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ fi sílẹ̀, tó ṣì fẹ́ràn yín.