Kànga Tí Ayaba Gbẹ́ fún Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kọkànlá, 1991

Meena tí a jọ ń fọ aṣọ ní ọsibítù fi àwòrán kànga àtijọ́ kan hàn mí, ní Íńdíà lọ́dọ̀ wọn. Ayaba ló gbẹ́ ẹ ní ìrántí ọkọ rẹ̀ tó kú. Mo ka àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: méje, gbogbo rẹ̀ wọnú ilẹ̀!

Mo ní, "Ṣé aráàlú ń pọn omi níbẹ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí! Mo ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, omi lò ń bèèrè."

Òkúta mábù tí mò ń tọ́jú owó rẹ̀ fún sàárè ọkọ mi lókè òkun níbí, ta ni yóò wúlò fún? Owó náà á gbẹ́ kànga ní agboolé bàbá rẹ̀ n'Ílọrin. Sàráà tí kì í tán nìyẹn.

Nígbà ayé ọkọ mi, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, omi tútù ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kànga ni màá gbẹ́.