Fọfé Tí Mo Rà fún Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Mi

Yéwándé àbúrò mi,

Mo kí ọ ní Libreville, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún mi ṣì ń ro mí, òjò sì ti ba àgbàdo tí mo kó wá láti oko bàbá wa jẹ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Àwọn ọmọ tó ń fi alùpùpù gbé àgbàdo fún mi ní kí n máa ra fọfé íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dátà tí a ń sanwó rẹ̀ ṣáájú, sí fóònù wọn lóṣooṣù. Mo ní ti ìpè nìkan ni n ó rà. Mofẹ́olúwa akọ̀wé mi, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà le jù! Ká kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ló dínwó."

Mo ní, "Ta ni yóò kà á fún mi? Ṣé kí n di àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi ni?"

Lọ́jọ́ kejì ló fi hàn mí pé íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbé ohùn èèyàn ránṣẹ́ pẹ̀lú. Mo gbà láti rà á, ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: ìwọ náà, má kọ̀wé sí mi mọ́. Ẹni tó ń ka lẹ́tà rẹ fún mi kì í rẹ́rìn-ín níbi tí ìwọ máa ń rẹ́rìn-ín. Fi ohùn rẹ ránṣẹ́. Kí Olúwa dá ẹ̀mí wa sí kí a lè gbọ́ ara wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bámigbóyè