Bàbá Mi, Níbo Ni Rélùwéè Ti Ń Yí Padà?

Bàbá mi ọ̀wọ́n, atukọ̀ etí ọ̀sà,

Ọmọ yín obìnrin ló ń bá yín sọ̀rọ̀ láti Ọsirélíà. Ẹ má jáyà, mi ò tíì kú, bàálù ni mo wọ̀. Sẹ̀nami, àbíkẹ́yìn mi tí kò bá yín láyé, ló bímọ nílùú Mẹ́bọ̀n níbí, ni mo bá wá bá a gbé ọmọ. Òun náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ sáà mọ̀ pé èmi ò dé ọ̀dọ̀ tíṣà rí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kódà tó bá jẹ́ òun ni mò ń bú. Mo sì máa bú u.

Inú ń bí mi, Bàbá. Mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún yàtọ̀ sí yín.

Ṣé ẹ rántí Ìdó l'Ékòó? Tí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, ẹ máa wọ bùbá funfun yín, ẹ máa fà mí lọ́wọ́, a ó wọ lọ́rì láti Àgbádárìgì lọ wo rélùwéè. A kì í wọ̀ ọ́ o. A kàn ń wò ó ni, bí ìgbà téèyàn lọ wo ìyàwó tuntun. Ẹ ó ra ẹ̀pà fún mi, ẹ ó dúró tì í títí tí á fi fọn fèrè, tí á sì lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù níbẹ̀ ni ẹ máa ń bi ní ìbéèrè kan náà: nǹkan tó gùn tó báyìí, tó bá dé ìpẹ̀kun, níbo ló ti ń yí padà? Irin rẹ̀ ò fẹ̀, kò sí ibi tó lè yà sí. Ọ̀kan nínú wọn lé wa bí ẹni lé adìyẹ. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín in, mi ò sì tíì rín in di òní.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí wọ́n ń la ọ̀nà tuntun gba Mówó, àwọn awọnlẹ̀ kan wá ń fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹnìkan sì sọ fún yín pé rélùwéè ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀nà yẹn. Ẹ gbà á gbọ́! Ẹ ń sọ fún àwọn èrò inú ọkọ̀ yín pé kí wọ́n tètè máa bẹ̀ yín, torí lọ́jọ́ tí rélùwéè bá dé, ẹ máa so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí oníkálukú máa lúwẹ̀ẹ́ sọdá. Màámi a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ rélùwéè, wá jẹun, iyán ti ń tutù!" Nígbà tí àìsàn tó mú yín lọ dá yín dùbúlẹ̀, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní tó bá dé, kí n wọ̀ ọ́ dé ìpẹ̀kun, kí n fi ojú ara mi rí ibi tó ti ń yí padà, kí n wá sọ fún yín. Mo ní mo ti gbọ́.

Kò dé o. Ọ̀nà yẹn gan-an bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Rélùwéè tí wọ́n wá ṣe l'Ékòó nígbà tí irun mi ti funfun tán, Máìlì Tú ló mọ. Èmi ìyá àgbà, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ṣì ń jókòó sí lọ sí Kànkọ̀n, tí màá máa pe Jésù lójú gbogbo kòtò.

Ẹ wá wo ibí. Abúlé tí màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ, rélùwéè ń dúró níbẹ̀! Mo rí i tó dúró fún obìnrin kan àti ajá rẹ̀. Ajá wọlé, ó jókòó bí ìjòyè. Mo rí ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ pákó irin kan fún un, ó dúró títí tó fi wọlé jẹ́jẹ́. Ṣé ẹ mọ bí kọndọ́kítọ̀ ṣe ń ti èmi wọ bọ́ọ̀sì ní Mówó? Bí àpò gaàrí ni. "Ìyá, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò jàre!" Orúnkún tí kò ká mọ́ látọdúnmọ́dún.

Tí ti ibí bá wá pẹ́ díẹ̀, obìnrin kan á máa tọrọ àforíjì nínú ẹ̀rọ, àwọn èèyàn á sì máa pòṣé. Wọ́n ń pòṣé, Bàbá! Ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n fún wọn ní ti ẹnu mi. Àwa tí a ti ń dúró dè é látìgbà tí mo wà ní ọmọge, ta la pòṣé sí?

Wọn kì í sì í kí èèyàn. Mo wọlé, mo kí wọn ní Yorùbá, mo kí wọn ní Ègùn, kálukú tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo ké, "Ó wà o! Ó wà níwájú!" Ilẹ̀kùn ò ṣí, ó gbé mi kọjá. Àṣé bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ kan tí Sẹ̀nami lọ síbi iṣẹ́, tí ọmọ wà níléèwé ọmọ kéékèèké, mo mú káàdì tí mo fi ń wọ ọkọ̀, mo wọ èyí tó ń lọ sí etí òkun. Mo ní lónìí, màá jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá mi rán mi. A dé ìpẹ̀kun lóòótọ́. Mo jókòó, mò ń retí kó yí padà. Ni mo rí awakọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ níwájú, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó mú ife tíì rẹ̀ dání, ó ń lọ.

Bàbá, nílé wa, tí awakọ̀ bá gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ló túmọ̀ sí? Ọkọ̀ ti kú nìyẹn! Kíá, mo bọ́ sílẹ̀. Mo tún ń fọwọ́ pe àwọn tó kù: "Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ó ti bàjẹ́!" Arúgbó òyìnbó kan tiẹ̀ bá mi bọ́ sílẹ̀, ó di apá mi mú. Mo kẹ̀yìn sí rélùwéè náà, mò ń wò bóyá wọ́n á gbé òmíràn wá. Kí n tó yíjú padà, rélùwéè ti ń padà síbi tó ti wá, ó gbé báàgì mi lọ, fóònù mi wà nínú rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mi ò rí ibi tó ti yí!

Ọlọ́pàá ló bá mi wá Sẹ̀nami. Ó sunkún dé ibẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó gba káàdì lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ní kó jẹ́ kí n padà lọ wò ó, nítorí ọjọ́ tí màá wọ bàálù padà sílé ti ń súnmọ́lé.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín lórí fóònù."

"Bàbá mi ò ní kí n lọ wo fóònù."

"Màámi, Bàbá ti kú."

Bàbá, ṣé mo ní ẹ ò kú ni? Ẹ wò ó, Sẹ̀nami ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró, ó ń wò mí. Kọ ọ́!

Mi ò jẹun rẹ̀ mọ́. Tó bá gbé e wá, mo máa ní mò ń gbààwẹ̀. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní ó dáa, òun á mú mi lọ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn. A dé ibùdókọ̀, wọ́n ti ti gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ yẹ́lò kún ojú irin, wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n ní kò sí rélùwéè lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì la máa wọ̀.

Bọ́ọ̀sì! Bàbá, mo kúrò ní Mówó, mo fò kọjá òkun, kí wọ́n tún lè tì mí wọ bọ́ọ̀sì! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Màámi, ẹ dìde, wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ìran ò pọ̀ nílùú yín."

Nígbà tó yá, mo dìde, torí kò tún sí Sátidé mìíràn fún mi. A wọ bọ́ọ̀sì ọ̀hún dé etí òkun. Rélùwéè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Mò ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń pòṣé, Sẹ̀nami ń tẹ̀lé mi, títí mo fi dé ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ní ojú! Ó ní gíláàsì, ó ní iná méjì, ó ní àga awakọ̀. Mo tún rìn padà lọ síwájú. Iwájú náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò ní ìdí, Bàbá. Orí méjì ló ní. Awakọ̀ ọjọ́sí kò sá lọ. Orí kejì ló ń lọ.

Kì í yí padà. Awakọ̀ ló ń yí. Ẹ̀yin ńkọ́? Tí ẹ bá já èrò sí òdìkejì ọ̀sà, ṣé ẹ máa ń yí ọkọ̀ ni? Ẹ máa dìde, ẹ máa mú àjẹ̀ yín, ẹ máa gba àárín ẹrù kọjá, ẹ máa lọ jókòó síbi tó jẹ́ ìdí ní àárọ̀, ibẹ̀ á sì di orí.

Mo pariwo, "Bàbá!" Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi láti fi hàn yín, mò ń fi ọwọ́ júwe bí ẹ ṣe máa ń mú àjẹ̀ yín lọ sí ìdí ọkọ̀. Àwọn aláṣọ yẹ́lò wò mí. Sẹ̀nami gbá mi mú, ó bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń tukọ̀ lóòótọ́?" Kò rí yín rí, kò sì sí ẹni tó tíì sọ fún un.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ohun tí ẹ ń bẹ àwọn èèyàn Ìdó kí wọ́n sọ fún yín, ọwọ́ yín ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, ta ni màá wá sọ ọ́ fún tó máa fọwọ́ lu itan rẹ̀, tó máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀? Ṣé ẹ ò lè dúró díẹ̀ sí i ni?

Ẹ sùn ire, Bàbá mi. Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ máa ń gbé kọ́ ọrùn láàárín èrò kó lè ríran.