Etí Aṣọ tí Mo Gé

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, 1994

Àtọ̀gbẹ ni. Ìṣojú mi ni dókítà ti sọ ọ́ lónìí fún Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, tó sì ní kí wọ́n sùn sí ọsibítù.

Èmi ni mo ní kí wọ́n máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀. Mo ní bó ṣe ń fọ omi yíyọ̀ kúrò lára ìgbín, bẹ́ẹ̀ ni yóò fọ ọ̀rá kúrò níkùn wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù, mo ń fi wọ́n yangàn fún àwọn oníbàárà mi. Bí wọ́n bá ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn, mo ní ọ̀rá ló ń jáde yẹn.

Dókítà ní ọsàn kì í yọ́ ọ̀rá, kì í sì í fa àtọ̀gbẹ. Ó ní ẹni tó bá ń rù tó tún ń mu omi ṣáá, ká tètè gbé e wá ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i.

Àǹtí ní, "Ṣé o ti rán aṣọ búlúù mi tán? Òun ni n ó wọ̀ lọ sílé bí mo bá ti sanra padà."

Mo ní mo ti rán an tán.

Àwa aránṣọ máa ń fi etí sílẹ̀ nínú aṣọ, ká lè tú u bí ẹni tó ni ín bá tún sanra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo dín gbogbo aṣọ Àǹtí kù, mo gé etí inú wọn dànù. Mo ní wọn ò tún lè sanra mọ́, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Mo tú àpò àkísà nírọ̀lẹ́ yìí. Mo rí etí tí mo gé lára búlúù náà. Ìka méjì péré ló fẹ̀.